ÀLÀFO EYÍN: IBI TÍ SÍWÁKÙ KÒ DÉ

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn, tí ó sì fún un ní ẹnu, ahọ́n àti eyín. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìdájọ́. Lẹ́yìn èyí:

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Ìsìláàmù, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ìwé yìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí àkọlé rẹ̀. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ tí ń pe ènìyàn sí ojú ọ̀nà Ọlọ́hun ń wá nídìí ọ̀rọ̀ ìtayín. Ìdáhùn wa ni pé ẹ̀sìn tí ó kọ́ wa bí a ti í wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti bí a ti í jáde níbẹ̀ kò gbàgbé ẹnu. Ẹnu ni a fi ń jẹun, òun náà ni a sì fi ń ké Àlùkùránì.

Ìdí mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìdí kìn-ín-ní ni pé eyín wà lára ohun èlò kéwú. Ẹni tí ó bá kọ́ tájúwíìdì mọ̀ pé lẹ́tà thā’, dhāl àti ẓā’ ń jáde láti ibi tí ṣóńṣó ahọ́n ti kan etí eyín iwájú òkè. Lẹ́tà fā’ sì ń jáde níbi tí eyín iwájú òkè yìí kan náà ti kan inú ètè ìsàlẹ̀. Bí eyín iwájú bá ti lọ, lẹ́tà mẹ́rin yìí yóò di ìṣòro fún ọmọ ilé kéwú àti fún Lèmọ́mù bákan náà. Ìdí kejì ni ẹ̀tọ́ ẹni tí a jọ dúró nínú sàfù. A mọ̀ pé Ànọ́bì kọ̀ fún ẹni tí ó bá jẹ ayù tàbí àlùbọ́sà tútù láti wá sí mọ́sálásí nítorí òórùn rẹ̀. Òórùn oúnjẹ àná tí ó ti rà sí àlàfo eyín kò sàn ju ti ayù lọ. Ìdí kẹta ni pé eyín àgbà tí ó bá bọ́ kò ní òmíràn tí yóò hù dípò rẹ̀. Ohun tí Ọlọ́hun fi sí ìkáwọ́ wa ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, a ó jíhìn bí a ti tọ́jú rẹ̀.

ÈDÈ-ÀÌYEDÈ TÍ Ó WÀ LÁÀÁRÍN ÀWỌN Ọ̀DỌ́

Ọ̀wọ́ méjì ni àwọn ọ̀dọ́ wa pín sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní gbà pé síwákù nìkan ti tó fún Mùsùlùmí, wọ́n sì ń pe òwú ìfọyín àti búrọ́ọ̀ṣì ní àṣà aláwọ̀ funfun, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pè é ní àdádáálẹ̀. Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn tí síwákù ti di ohun ìtìjú lójú wọn nítorí pé wọ́n ti kàwé. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín nìkan ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì bá pàdé níbi wọ̀límọ̀, tí wọ́n jẹ ẹran tán, ọ̀kan náà ni ohun tí wọ́n ń ṣe: wọn yóò ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀, wọn yóò sì fi máa gún erìgì ara wọn.

A fẹ́ kí ó yé ọ̀wọ́ kejì pé síwákù kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀gbàwá tí ó fìdí múlẹ̀ nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim fi hàn pé Ànọ́bì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àánú ìjọ rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ di dandan nígbà ìrun kọ̀ọ̀kan. Ó wà lára ohun ìkẹyìn tí ó lò nínú àìsàn tí ó kú sí, ìyá wa Aisha ni ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ rọ igi náà fún un kí ó tó lò ó. Àwọn bàbá wa nílẹ̀ Yorùbá náà ní pákò Ìjẹ̀bú àti orin ata kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé. Ní àwọn ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá gba àwọn tí irú igi bẹ́ẹ̀ jẹ́ àṣà wọn níyànjú láti máa lò ó.

Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ó yé ọ̀wọ́ kìn-ín-ní pẹ̀lú pé ohun gbogbo ni ó ní ibi tí agbára rẹ̀ dé. Eyín tí a fi ń lọ oúnjẹ ní ojú márùn-ún: ojú òkè tí ó ń lọ oúnjẹ, ojú ìta tí ó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú inú tí ó kọjú sí ahọ́n, àti ojú méjì tí ó fara kan àwọn eyín tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síwákù, pákò àti búrọ́ọ̀ṣì lè dé ojú mẹ́ta àkọ́kọ́. Ojú méjì tí ó kù wà nínú àlàfo, ibẹ̀ sì há ju kí irun búrọ́ọ̀ṣì tàbí ọwọ́ pákò wọ̀ ọ́ lọ. Kì í ṣe àbùkù síwákù ni a ń sọ. Àpèjúwe rẹ̀ dà bí ẹni tí ó gbá gbogbo àgbàlá, ṣùgbọ́n tí kò gbé ẹní sókè láti gbá abẹ́ rẹ̀.

Ní ti ẹni tí ó pe òwú ìfọyín ní àdádáálẹ̀, kí ó rántí pé inú ìjọsìn ni àdádáálẹ̀ wà. Ìmọ́tótó ẹnu ni ohun tí òfin ẹ̀sìn fẹ́, irinṣẹ́ sì jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń dé ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́ pàápàá sọ̀rọ̀ nípa khilāl, ìyẹn igi tí a fi ń yọ oúnjẹ kúrò láàárín eyín lẹ́yìn oúnjẹ, wọn kò sì rí i bí ẹ̀ṣẹ̀.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀLÀFO

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí iṣan ẹran, èèpo àgbàdo tàbí fọ́nrán máńgòrò tí ó há ni a ṣe ń fọ àlàfo eyín. Èyí tí a rí ni ó kéré jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó ń ba eyín jẹ́ gan-an ni ìdọ̀tí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó ń yọ̀, tí ó kún fún àwọn kòkòrò àìlèfojúrí. Ojoojúmọ́ ni ó ń lẹ̀ mọ́ eyín, ì báà ṣe pé a jẹ ẹran tàbí a kò jẹ. Bí a bá jẹ ohun dídùn, àwọn kòkòrò yìí yóò sọ ṣúgà inú rẹ̀ di omi kíkan tí ó ń jẹ eyín wọnú. Nítorí náà, kì í ṣe ekòló kan tí ó fara pamọ́ ni ó ń dá ihò sí eyín gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń pariwo ní ọjà.

Bí ìdọ̀tí yìí bá pẹ́ ní etí erìgì, erìgì yóò pọ́n, yóò wú, yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí a kò bá yọ ọ́, yóò le bí òkúta, búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò kò sì ní lè yọ ọ́ mọ́, àfi irinṣẹ́ oníṣègùn eyín. Láti ibẹ̀ ni àrùn lè ti wọ inú egungun tí ó gbé eyín dúró, tí eyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí mì, tí yóò sì bọ́ láìní ihò kankan. Àrùn erìgì àti àtọ̀gbẹ sì máa ń ran ara wọn lọ́wọ́: ọ̀kan ń mú kí èkejì le sí i. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

ÒṢÙNWỌ̀N MẸ́RIN TÍ A FI Ń YAN IRINṢẸ́

Ibn Qudāma, onímọ̀ fíkìhì tí ó kú ní ọdún 620 Híjíírà (1223), ṣe àlàyé irú igi tí ó yẹ fún síwákù nínú ìwé rẹ̀ al-Mughnī. Àkójá ohun tí ó sọ ni pé kí ó jẹ́ èyí tí ó rọ̀, tí ó ń mú ẹnu mọ́, tí kì í dá ọgbẹ́ sí i, tí kì í sì í fọ́ sí i. Ó ka igi kan sílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ lò nítorí ìpalára. Òtítọ́ ni pé síwákù ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ìdí tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan gbogbo ohun tí a bá fi kan erìgì. Ẹni tí ó mọ kìyáàsì yóò rí i pé òṣùnwọ̀n mẹ́rin ni bàbá yìí fi lé wa lọ́wọ́: Ṣé ó rọ̀? Ṣé ó ń fọ ibi tí a fẹ́ kí ó fọ̀? Ṣé kì í dá ọgbẹ́ síni lẹ́nu? Ṣé kì í fọ́ síni lẹ́nu? Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùnwọ̀n yìí wo àwọn irinṣẹ́ tí ó wà lóde.

1. Igi ìgbálẹ̀, abẹ́rẹ́, píìnì, ìdérí báírò àti etí ọ̀rá omi. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ó kùnà. Wọ́n le, wọ́n ń gún erìgì, òmíràn sì ń ṣẹ́ sínú rẹ̀. Igi ìgbálẹ̀ tilẹ̀ ní àbùkù mìíràn: ilẹ̀ ni a fi í gbá. Ẹni tí ó ń ṣọ́ra kí ìdọ̀tí má kan aṣọ ìrun rẹ̀, báwo ni yóò ṣe fi ohun tí ó ti gbá ilẹ̀ sí ẹnu tí ó fẹ́ fi ké Fátíhà?

2. Ìtayín onígi tí a ń tà nínú páálí. Èyí sàn ju igi ìgbálẹ̀ lọ nítorí pé ó mọ́, ó sì wọ́pọ̀. Ó lè yọ ẹran tí ó há, ṣùgbọ́n kò lè nu ìdọ̀tí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a sọ yẹn kúrò lára eyín. Ṣóńṣó rẹ̀ lè gún erìgì, ó sì lè ṣẹ́. Ẹ lò ó bí ẹrù bá há níta ilé, kí ẹ sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lò ó, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe kà á sí ìfọyín. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi í sí ẹnu sùn tàbí kí ó máa fi rìn kiri, nítorí pé ó lè gbé e mì.

3. Òwú ìfọyín, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fílọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1819 ni oníṣègùn eyín kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Levi Spear Parmly, ti kọ ìwé tí ó gba àwọn ènìyàn níyànjú láti máa fi òwú sílíìkì fọ àlàfo eyín wọn. Òwú yìí yege nínú òṣùnwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí a bá mọ̀ ọ́n lò. Òun ni ó yẹ ẹni tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, bí ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa. Ẹ má ṣe fi òwú ìránṣọ dípò rẹ̀, nítorí pé ó ń já, ó sì ń gé erìgì.

4. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ti àlàfo eyín. Wáyà tín-ínrín ni, tí irun rírọ̀ yí i ká, tí ó sì ní ìdìmú kékeré. Ó yẹ ẹni tí àlàfo bá wà láàárín eyín rẹ̀, pàápàá àwọn àgbàlagbà tí erìgì wọn ti fà sẹ́yìn. Onírúurú ìwọ̀n ni ó wà, àwọ̀ ni wọ́n sì fi ń dá ìwọ̀n mọ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ilé iṣẹ́ kan kò bá ti èkejì mu. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: kí irun rẹ̀ fara kan eyín díẹ̀ nígbà tí ó bá ń wọlé, kí wáyà rẹ̀ má sì ha eyín. Bí kò bá wọlé, kí a má ṣe tì í wọ inú tipátipá. Kí a wá èyí tí ó kéré sí i, tàbí kí a lo òwú níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹnu kan nílò ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta.

5. Ẹ̀rọ tí ń ta omi sí àlàfo eyín. Oníṣègùn eyín kan àti onímọ̀ ẹ̀rọ kan ni wọ́n ṣe é ní ìlú Fort Collins ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1962. Ó wúlò fún ẹni tí wọ́n fi wáyà to eyín rẹ̀ àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó gbówó lórí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń lo iná mànàmáná. Kí ẹni tí kò ní i má ṣe rò pé òun pàdánù, nítorí pé òwú tí a bá lò dáadáa lójoojúmọ́ sàn ju ẹ̀rọ tí ó wà nínú páálí lọ.

ǸJẸ́ ÌWÁDÌÍ TI IṢẸ́ WỌN LẸ́YÌN?

Àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti gbọ́ pé ní ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà yọ ọ̀rọ̀ òwú ìfọyín kúrò nínú ìtọ́ni rẹ̀ lórí oúnjẹ àti ìlera, ìwé ìròyìn sì kéde pé ẹ̀rí tí ó tì í lẹ́yìn kò lágbára. Wọ́n wá sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ hádíìsì kò gbọdọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ẹ̀gbàwá tí a pè ní aláìlágbára, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tí a pè ní irọ́.

Ní ọdún 2019, àjọ Cochrane tí ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò kó ìwádìí 35 jọ, nínú èyí tí ènìyàn 3,929 ti kópa. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá fi òwú tàbí búrọ́ọ̀ṣì àlàfo kún búrọ́ọ̀ṣì lásán lè ní erìgì tí ó dára ju ti ẹni tí ó lo búrọ́ọ̀ṣì nìkan lọ, àti pé búrọ́ọ̀ṣì àlàfo lè sàn ju òwú. Wọ́n kò sì fi pa mọ́ pé ẹ̀rí náà kò tíì lágbára tó, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí náà kò pẹ́. Ìpinnu wa lórí èyí ni pé: níbi tí búrọ́ọ̀ṣì àlàfo bá ti lè wọlé láìsí ipá, òun ni kí a kọ́kọ́ yàn, níbi tí kò bá ti lè wọlé, kí a lo òwú. Ìpalára rẹ̀ kò tó nǹkan bí a bá ṣe jẹ́jẹ́, àǹfààní rẹ̀ sì súnmọ́ òtítọ́.

BÍ A TI Í LÒ WỌ́N

Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tó. Àkókò tí ó dára ni lẹ́yìn ìrun Ìṣáà, nígbà tí a kò bá ní jẹun mọ́. Kí a fọ àlàfo ná, lẹ́yìn náà kí a fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tí ó ní èròjà fúlóráìdì fọ ẹnu. Síwákù wa wà ní ààyè rẹ̀ nígbà ìrun àti nígbà àlùwàlá.

Ẹni tí ó bá ń lo òwú, kí ó gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 45, kí ó wé e mọ́ ìka àárín ọwọ́ méjèèjì, kí ó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín. Kí ó rọra fà á wọ àlàfo. Kí ó má ṣe já a lu erìgì. Bí ó bá dé ìsàlẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara eyín kan kí ó yí i ká bí oṣù tuntun, kí ó fi nu ara eyín náà sókè sódò, kí ó tó ṣe ti eyín kejì nínú àlàfo kan náà. Ẹni tí ó bá ń lo búrọ́ọ̀ṣì àlàfo, kí ó tì í wọlé ní tààrà, kí ó fà á síwá sẹ́yìn ní ìgbà díẹ̀, kí ó sì fi omi ṣàn án. Bí irun rẹ̀ bá ti ṣí tàbí tí wáyà rẹ̀ ti tẹ̀, kí ó sọ ọ́ nù. Irinṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn méjì ń lò pọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ tọkọtaya.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá. Erìgì tí ó ti ń ṣàìsàn ni ó sábà máa ń ṣẹ̀jẹ̀, ìmọ́tótó sì ni yóò mú un sàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí eyín bá ń mì, tàbí tí ọyún bá ń jáde, kí a lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Wọ́n wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba mìíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ọ̀RỌ̀ ÈJÍ

Àwa Yorùbá ka èjí sí ẹwà, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí Ọlọ́hun fi èjí ta lọ́rẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ wà fún ẹni tí ó bá fi ayùn tàbí ohun mímú ṣe èjí fún ara rẹ̀ nítorí ẹwà. Hádíìsì tí ó fìdí múlẹ̀ ti ṣépè fún àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ń yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ pe iṣẹ́ yìí ní ìfọyín fún yín.

OṢÙ ÀÀWẸ̀

Nínú oṣù Ràmàdáánì, kí a fọ àlàfo eyín lẹ́yìn sàárì, kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó dé. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ sọ pé ẹni tí oúnjẹ bá wà láàárín eyín rẹ̀, tí ó lè tu ú dànù, ṣùgbọ́n tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì ní ọ̀sán, ti ba ààwẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá ti fọ ẹnu rẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ ti bọ́ nínú iyèméjì yìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ilé kéwú, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kún ẹ̀kọ́ àlùwàlá tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ìyá, bí eyín ọmọ yín bá ti ń fara kan ara wọn, ẹ máa bá a fi òwú fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe wọ̀límọ̀, bí ẹ bá ra omi àti àṣọ́dún fún àlejò, ẹ fi páálí ìtayín mímọ́ kún un, kí ìgbálẹ̀ lè sinmi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ra dátà lójoojúmọ́, òwú ìfọyín kan máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àìsí owó ṣe àwáwí kí ó tó wo ohun tí ó ń ná owó rẹ̀ sí.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ́tótó inú àti ti òde ta wá lọ́rẹ. Kí Ó ṣe ẹnu wa ní ẹnu tí yóò máa rántí Rẹ̀, kí Ó sì dá eyín wa sí títí a ó fi ké Àlùkùránì Rẹ̀ dé ọjọ́ ogbó. Àmín.

Wa s-salāmu ‘alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.